Bátìrì Tí Motọ́lání Ṣe fún Kòtò Omi

Pọ́ǹpù náà kérora lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ínfátà tó ń fún un níná láti inú bátìrì han gooro, iná pupa tàn lójú rẹ̀, òun náà sì kú fin-ín.

"Irú kí lèyí?" Motọ́lání kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò omi kékeré tí wọ́n gbẹ́ sí igun yàrá bàbá rẹ̀ kí omi òjò lè máa dà sí. Ó tú wáyà, ó tún un dè, ó tẹ súwíìṣì. Pàbó. Òjò ti ṣú láti apá Ìgànmú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n sì ti mú iná lọ láti àárọ̀. Ọjọ́ Ẹtì lèyí. Lọ́jọ́ Àìkú, bàálù máa gbé Motọ́lání lọ sí Kánádà, kò sì mọ ọjọ́ àbọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ilé yẹn á ní kí ló dé tí bàbá arúgbó fi ń gbé inú kòtò. Kì í ṣe kòtò nígbà tí Bàbá Àkàngbé kọ́kọ́ gbà á ní Súrùlérè yìí. Yàrá gidi ni, ó kọjú sí títì. Àmọ́ ọdún ń gorí ọdún, wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ àti ọ̀dà lé títì, títì ń ga, ilé dúró sójú kan. Ní báyìí, àtẹ̀gùn mẹ́fà lèèyàn ń sọ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn bàbá. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo omi àdúgbò ló mọ ilé tí wọ́n ń bọ̀. Bàbá sì wonkoko mọ́ yàrá yẹn. Ibẹ̀ ló ti tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe fún ogójì ọdún, ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kú sí, kò síbi tó ń lọ. Motọ́lání bẹ̀ ẹ́ títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Orúnkún bàbá ò sì dáa mọ́. Bí omi bá dé tí kò sẹ́ni tó máa fà á, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa ká a mọ́.

Ìdí nìyí tó fi ṣe ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀: bátìrì ńlá méjì, ínfátà, pọ́ǹpù, àti kẹ́ẹ̀gì òróró kékeré kan tó ń léfòó, tó máa ti súwíìṣì sókè bí omi bá ti ga. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló parí rẹ̀. Omi jáde ṣùà sínú gọ́tà, Motọ́lání sì jó! Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Sábó, ó ní ọkàn òun ti balẹ̀, kò sì padà wá wò ó títí di òní.

Ọkàn wo ló balẹ̀ lónìí? Ó fi mítà kan orí bátìrì. Bátìrì tó yẹ kó kún dẹ́nu ti gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀.

"Bàbá mi, kí ló jẹ iná inú bátìrì yìí?"

Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi etí aṣọ nu awò ojú rẹ̀. "Bátìrì? Ṣebí ó wà níbẹ̀."

"Mo rí i pé ó wà níbẹ̀, sà."

Ìgbà náà ló rí wáyà funfun kan tó gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù kọjá. Ó tẹ̀lé e dé orí tábìlì tí bàbá fi ń ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́sí. Ẹkitẹ́ńṣọ̀n gígùn kan ló bá níbẹ̀, fóònù mọ́kànlá tò sí i bẹẹrẹ, wọ́n fi táàpù lẹ orúkọ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Quadri. Evelyn. Ìyá Aneesah.

"Yéè! Fóònù gbogbo àdúgbò!"

"Wọn ò níná, àwa níná. Ṣé kí n ní kí wọ́n máa gbé e lọ ni? Ṣé bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn?"

"Nítorí omi ni mo ṣe ṣe é! Nítorí yín!" Ohùn rẹ̀ ti ga ju bó ṣe yẹ kí ọmọ fi bá bàbá sọ̀rọ̀, ó mọ̀, kò sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Inú ń bí i, ẹ̀rù ń bà á, òun gan-an ò mọ èyí tó pọ̀ jù. "Bí mo bá lọ tán ńkọ́? Ta ló máa..."

Àfi wàà! Òjò dé, kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Omi gba orí àtẹ̀gùn wálẹ̀, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kòtò kún, ó ṣàn bo kápẹ́ẹ̀tì. Motọ́lání já ẹkitẹ́ńṣọ̀n yọ, ó tẹ súwíìṣì, asán. Ó wá garawa lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Bàbá mi, níbo ni garawa wà?"

Bàbá ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń tẹ́tí sí òkè.

Quadri, tó ń lẹ táyà níwájú ilé, ló kọ́kọ́ já wọlé, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún. Evelyn, onídìrí tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tẹ̀lé e tòun ti bàsíà. Àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Motọ́lání rò pé fóònù wọn ni wọ́n sáré wá mú, ó nawọ́ sí tábìlì.

"Ó wà níbẹ̀, ẹ kó o."

Kò sẹ́ni tó wo ibẹ̀. Quadri ki ọwọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa garawa mẹ́ta yọ. Evelyn dúró sórí àtẹ̀gùn kejì, ẹnì kan bọ́ sórí ìkẹrin, ẹnì kan dúró lókè. Quadri bù ú, Evelyn gbà á, ó nà án sókè, garawa òfìfo padà wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni.

"Quadri, ẹsẹ̀ tábìlì yẹn," ni bàbá wí.

"Mo ti rí i, Bàbá. Ti ọjọ́ Ajé le jùyí lọ."

Ọjọ́ Ajé! Lọ́jọ́ Ajé, Motọ́lání wà níbi tó ti lọ gba ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ó pe bàbá lórí fóònù, bàbá ní àlàáfíà ni, òjò ò rọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

"Ẹ ò sọ fún mi," ó wí jẹ́jẹ́.

"Kí n sọ fún ọ kí o má lọ mọ́?" Bàbá ò wo ojú rẹ̀. "Àárọ̀, wọ́n á gbé fóònù wá. Ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wá mú un, wọ́n á jókòó díẹ̀. Bátìrì rẹ dáa, ọmọ mi. Àmọ́ kò lè bi mí pé ṣé mo ti jẹun."

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, Motọ́lání sì ti ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e látọjọ́ yìí. Kí bàbá òun má dá wà, àdúrà tó ti ń gbà láti oṣù mẹ́ta nìyẹn. Àdúrà náà ti gbà báyìí. Kí ló wá dé tó ń dùn ún lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀?

Ó mú abọ́ ìjẹun kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù láti bá wọn gbọ́n omi, ó gun àtẹ̀gùn kejì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Evelyn wí. "Ẹ sún díẹ̀. Ibi tí mo máa ń dúró sí nìyẹn."

Motọ́lání sún. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, garawa ń kọjá níwájú rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, òun sì ń wo àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dókè, bóyá àyè kan ṣì kù.