Wọ́dúróòbù tó Pa Daon Lẹ́rìn-ín

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Daon, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ láyé, ọjọ́ tí a máa ń ṣàjọyọ̀ ọmọ tuntun nílẹ̀ wa, tí a sì máa ń yà á ní fọ́tò, bàbá rẹ̀ ní òun ò ní gbé e lọ sílé fọ́tò kankan. Ó ní àwọn onífọ́tò a máa tan iná wàà sójú ọmọ bí ọlọ́pàá tó mú olè. Òun fúnra òun ni yóò ya á nínú ilé, lójú fèrèsé, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ nìkan.

Piljae lorúkọ ọkùnrin náà. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ló máa ń tún ṣe, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ra kámẹ́rà àlòkù kan, tó sì wo fídíò mọ́kànlá lórí fóònù, kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ní gbogbo ìlú Gunsan. Bó bá ń jẹ ẹ̀fọ́ kíkan oníata wa, á ní, "Ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rọra bà lé kimchi yìí."

Yeonsu, ẹ̀gbọ́n mi, á ní, "Bàbá Daon, ẹ jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Èmi Eunjo lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ láàárọ̀ Sátidé tí ọjọ́ náà pé. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n di páálí funfun kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí kò kọjú sí fèrèsé. Àjà kẹsàn-án ni wọ́n ń gbé. Ilé gíga tó wà níwájú wọn kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé ju láti aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá ààbọ̀ lọ. Piljae ta kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó gbé Daon ti ìrọ̀rí nínú aṣọ ìbílẹ̀ hanbok tuntun, ó gbé àkàrà ìrẹsì funfun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá pa gbogbo iná ilé.

Ìyá Piljae yọ láti ilé ìdáná. Ó tan iná.

"Piljae, ta lẹ ń fi ọmọ mi pamọ́ fún, tẹ́ ẹ fi jókòó sínú òkùnkùn?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ojúmọ́ là ń lò." Ó pa á.

"Ojúmọ́ wo? Mi ò rí imú ọmọ náà!" Màmá tún tan án.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n jọ pa á tí wọ́n jọ tan án. Nígbà tó yá, Yeonsu fún màmá ní agbọ̀n ẹ̀wà tó ti hù kan pé kó bá òun ṣà á, ọ̀rọ̀ sì parí.

Daon gan-an ló wá kù. Ọmọ náà kò tíì rẹ́rìn-ín sókè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Mo ké bí ológbò. Piljae jó títí ìbọ̀sẹ̀ fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Daon kàn ń wò wá bí onílé tó wá lé ayálégbé jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé ṣókùnkùn lójijì.

"Oòrùn mi!" Piljae pariwo.

"Oòrùn yín? Ìgbà wo lẹ dá a?" Yeonsu bi í.

Mo fa kọ́tìnì sẹ́yìn. Ẹnìkan ń kó wá sí àjà kẹwàá. Ọkọ̀ akẹ́rù ti na àkàsọ̀ gígùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó gba ojú fèrèsé wa gan-an kọjá, ẹrù sì ń gorí rẹ̀ lọ sókè níkọ̀ọ̀kan. Wọ́dúróòbù aláwọ̀ òféèfé kan ló dí oòrùn. Ó ń gòkè lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ìyàwó tuntun.

Daon yí orí. Ó la ojú rẹ̀. Ó ní, "Kẹ̀ẹ̀!"

Màmá sá wá tòun ti ẹ̀wà lọ́wọ́. "Ṣé ọmọ yìí ló rẹ́rìn-ín?"

Àga kọjá, Daon ò rín. Fìríìjì kọjá, ó yán. Páálí mẹ́fà kọjá, ó yọ ahọ́n sí wọn. Wọ́dúróòbù yẹn ló fẹ́.

Piljae ti dé ìsàlẹ̀ kí n tó mọ̀, bàtà ìyàwó rẹ̀ ló wọ̀. Òun ló sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún Ọ̀gbẹ́ni Tak, ẹni tó ń darí àkàsọ̀, pé kó bá òun sọ wọ́dúróòbù náà kalẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Tak wí, "ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń báni kó ẹrù. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí rí pé kí n kó o padà."

Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ọmọ ni, ojú ọkùnrin náà rọ̀. Ó kígbe sókè tí gbogbo àdúgbò gbọ́: "Ẹ gbé wọ́dúróòbù yẹn padà wá! Ọmọ kan fẹ́ rẹ́rìn-ín!"

Piljae sáré padà sókè. Wàhálà tó kù ni pé bí wọ́dúróòbù bá dé, ẹ̀rín dé, ṣùgbọ́n òkùnkùn náà dé. Tó bá kọjá tí ìmọ́lẹ̀ padà, ẹ̀rín kì í pẹ́ ju kéèyàn ka ení, èjì. Lẹ́ẹ̀kíní, Piljae tẹ kámẹ́rà kí ìmọ́lẹ̀ tó padà. Lẹ́ẹ̀kejì, kò ṣí ìdérí kámẹ́rà. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo sín, mo sì fi páálí gbá Piljae létí. Lẹ́ẹ̀kẹrin, màmá tan iná.

Ìgbà náà ni obìnrin àgbà kan yọ orí lójú fèrèsé òkè. Màmá Geum, ẹni tó ni ẹrù, ni.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí! Wọ́dúróòbù mi ń lọ, ó ń bọ̀! Ṣé mi ò kó wá síbí mọ́ ni?"

"Màmá, ẹ ní sùúrù!" Tak dáhùn. "Wọ́n ń ya ọmọ kan ní fọ́tò!"

"Kí ló kan wọ́dúróòbù mi níbẹ̀?"

"Òun ló ń pa á lẹ́rìn-ín!"

Màmá Geum na ọrùn wo fèrèsé wa. "Ẹ tún sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ rọra o, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Òjìji rẹ̀ kọjá lára Daon, oòrùn sì tú yàà gba inú kọ́tìnì funfun wọlé. Ọmọ náà la ẹnu aláìléyín sílẹ̀, ó ń rín, ó ń rín, ẹ̀rín náà ò sì tètè tán lọ́tẹ̀ yìí. Piljae tẹ kámẹ́rà.

"Ṣé ẹ yà á?" Yeonsu bi í. Omi ti dà lójú àwọn méjèèjì.

"Mi ò mọ̀," ni Piljae wí. "Mi ò ríran."

Ó yà á. Fọ́tò náà mọ́ roro, ó tún rọ̀ lójú. Èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú ọmọ náà.

Nírọ̀lẹ́, Yeonsu gbé àwo àkàrà funfun, ó ń lọ sókè láti lọ dúpẹ́. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ni ó bá Màmá Geum lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àkàrà ẹ̀wà pupa tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé máa ń pín. Àwọn méjèèjì tẹríba fúnra wọn títí àwo fi ń gbá àwo. A fi fọ́tò han Màmá Geum. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Mo ní ajá kan lókè," ni ó wí fún Piljae. "Inú ẹ̀ kì í dùn. Ṣé ẹ lè bá mi yà á?"

Piljae nàró ṣánṣán. "Màmá, ibo ni fèrèsé yín kọjú sí?"

Màmá Geum wo Yeonsu, ó wò mí, ó tún wo Piljae.

"Ọmọ mi, ṣebí òkè orí ẹ gan-an ni mò ń gbé."