Ọwọ́ Jemima, Ojú Ìyá Àṣíáwù

Ọdún tí ìjọba ń gé igi kòkó tó lárùn ní agbègbè wa ni àwọn elésinimá dé sí Àpòmù. Kòkó ni wọ́n wá yà. Ṣùgbọ́n òjò kò gbà fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò sí ẹni tó rí oòrùn sá kòkó. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn jókòó sí ilé tó wọ̀ sí ní Ìkirè, ó ń wo òjò bí ẹni tí òjò bú ní bàbá. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ pé obìnrin kan wà ní Àpòmù tó máa ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ funfun kí ó tó rẹ ẹ́ sínú aró. Obìnrin náà ni Jemima, ìyàwó mi.

Èmi jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé ìjọ, nítorí náà èmi ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀.

Òyìnbó náà ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé wọn, ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, agbo ilé ti sọ ọ́ ní Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-i, nítorí kò sí ohun tí kò ní kí a tún ṣe. Adìẹ kọjá, ó ní kí adìẹ padà wá kọjá ẹ̀ẹ̀kan sí i. Kí ó tó ya ohunkóhun rárá, ó ní kí a kọ́kọ́ palẹ̀ agbo ilé mọ́ kí ó lè jọ ti àtijọ́. Wọ́n gbé maṣíìnì ìránṣọ Jemima lọ sí ẹ̀yìn ògiri. Wọ́n ká kàlẹ́ńdà kúrò lára ilé. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ mi lọ. Ó wá wo èmi náà, mo de tai mọ́rùn, ó ní kí n jọ̀wọ́ máa ti ẹ̀yìn ògiri túmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti maṣíìnì ṣe di ẹrù tí wọ́n kó pamọ́.

Jemima yọjú sí mi lórí ògiri. "Tíṣà, ẹ má bínú o. Bí wọ́n bá parí àtijọ́, màá wá kó yín wọlé."

Nígbà náà ni Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-i béèrè ìbéèrè tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó ní, ta ni ó ni iṣẹ́ yìí? Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí.

Kò sí ẹni tí a tọ́ dáadáa ní Àpòmù tí yóò dìde níwájú àlejò, lójú àgbà ilé, kí ó ní, "Èmi ni mo ni ín." Àgbà ilé ló ni ohun gbogbo tó wà nínú ilé: ọmọ, ewúrẹ́, iṣẹ́, àti ìkíni àlejò. Jemima kúnlẹ̀, ó nawọ́ sí Ìyá Àṣíáwù, àgbà obìnrin agbo ilé wa. Gbogbo agbo ilé nawọ́ sí Ìyá Àṣíáwù. Ilá gbígbẹ ni Ìyá Àṣíáwù ń tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú mọ̀ wọ́n. Wọn kò rẹ àkísà kan láró rí. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n ní, "Ilé wa nìyí. Ẹ káàbọ̀."

Ó yẹ kí n là á yé Òyìnbó. Gbólóhùn kan péré ni: ìyàwó mi ni. Ṣùgbọ́n ta ní í yin ìyàwó rẹ̀ lójú agbo ilé? Wọn á ní ó ti fi nǹkan sí ọbẹ̀ mi. Mo pa ẹnu mọ́ lẹ́yìn ògiri.

Ojú Ìyá Àṣíáwù ni wọ́n ń yà ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí ó wá kan iṣẹ́ ṣíṣe, Ìyá di ìyẹ́ adìẹ mú bí ẹni tó fẹ́ fi ro etí. Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-i mí kanlẹ̀. Ó ní kí Jemima wá jókòó, kí wọ́n ya ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú Ìyá, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Jemima ń yà á lọ, ni ẹ̀kọ bá kán sórí aṣọ. Òyìnbó kígbe pé ó ti bàjẹ́. Jemima kò nù ún. Ó fi ìyẹ́ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó di òròmọdìẹ.

"Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún un pé kò bàjẹ́. Ó bímọ ni."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ibà mú Jemima lọ. Àwọn obìnrin ìjọ tó wẹ̀ ẹ́ fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ọwọ́ rẹ̀ títí. Aró kò ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sin ín, pẹ̀lú aró dé ìgbọ̀nwọ́.

Kò ní fọ́tò kankan. Ó máa ń wí pé fọ́tò a máa sọ òun di ẹni tó ń bínú. Ọmọ wa, Adéfúnkẹ́, kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Nígbà tó gbọ́n díẹ̀, ó bi mí bí ojú màmá òun ṣe rí. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àròkọ, n kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Mo ní kí ó ní sùúrù, sinimá ń bọ̀.

Ọdún mẹ́ta ni sinimá fi ń bọ̀. Òjò ló tún bá dé, a kò lè ta aṣọ funfun tí àwòrán ń yọ lára rẹ̀ síta ní ìrọ̀lẹ́. Ọláníyì, ọmọ Ìbàdàn tó ń wa ọkọ̀ sinimá, ní òun lè ṣe é ní ọ̀sán nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bí a bá rí nǹkan dí fèrèsé. Àwọn obìnrin kó aṣọ aró wá. Fèrèsé mẹ́jọ ni, iṣẹ́ Jemima ló dí márùn-ún nínú wọn. Inú yàrá dà bí inú ìkòkò aró.

Mo gbé Adéfúnkẹ́ síwájú pátápátá. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, kí n máa túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ti inú ẹ̀rọ jáde.

Ojú Ìyá Àṣíáwù yọ, ó gba gbogbo aṣọ. Ilé hó.

Mo túmọ̀ pé, "Ìyá arúgbó yìí kì í sọ̀rọ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ ni ó ti ń gbọ́ ohùn àwọn baba ńlá rẹ̀."

"Ta ni kì í sọ̀rọ̀?" Rùfáì tó ń ra kòkó ló fò dìde. "Baba ńlá wo ló ráyè fọhùn nílé yẹn?"

"Ìwọ Rùfáì, dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mò ń ṣe!" Ìyá Àṣíáwù ló ké bẹ́ẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì.

Ni ọwọ́ Jemima bá yọ. Ẹ̀rọ náà kò mọ àwọ̀. Aró orí èékánná rẹ̀ dà bí eérú. Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ náà.

Sàlámọ̀tù, tí ilé rẹ̀ kan tiwa, ní, "Ìyá, ojú yín ti ń lọ sí àádọ́rin, ọwọ́ yín ò ju ogún lọ! Kí lẹ fi ń pa á?"

"Ilá ni. Wá ra tìẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń lu bẹ́ǹṣì. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ojú kan ni mò ń dúró dè. Ẹ̀kọ kán, òròmọdìẹ yọ, aṣọ jáde nínú aró, ojú Ìyá tún padà wá, ó sì tán. Ojú Jemima kò sí níbẹ̀. Kì í sì í ṣe Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-i ló gbé e pamọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ni.

Adéfúnkẹ́ yíjú sí mi. "Bàbá, màmá mi dà?"

"Ọwọ́ tí o rí yẹn ni."

"Ṣé màmá mi ò lórí ni?"

Ìyá Àṣíáwù ló dáhùn. "Ó lórí, ọmọ mi. Tèmi ni wọ́n gbé lé e." Ìyá dìde. "Ọláníyì, tún un ṣe."

"Ìyá, mo fẹ́ dé Gbọ̀ngán kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i!" Gbogbo ilé ló ké e pọ̀.

Ọláníyì tún un ṣe. Bí ojú Ìyá Àṣíáwù ṣe fẹ́ yọ, Ìyá fúnra wọn lọ dúró gbagidi síwájú ẹ̀rọ. Òjìji orí wọn bo gbogbo aṣọ.

"Ìyá, ẹ ń dí wa lójú!"

"Ojú tèmi ni mò ń dí. Kí ló kàn yín?"

Ìgbà tó kan ọwọ́ ni wọ́n tó yẹra. Gẹ̀ẹ́sì ń dún lọ nínú ẹ̀rọ. N kò túmọ̀ rẹ̀ mọ́. Tèmi ni mo sọ.

"Ìyàwó mi ló ni iṣẹ́ yìí. Jemima ni orúkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà. Orin ìjọ ló ń kọ, ó sì ń ṣì í kọ. Ojú rẹ̀ rí roboto. Imú rẹ̀ a kọ́kọ́ fẹ̀ kí ó tó rẹ́rìn-ín. Ó ní èjí. Bó bá ń fa ìlà tó gùn, bí ẹ ṣe ń rí i yìí, ahọ́n rẹ̀ ló máa ń fi dí èjí náà, bí ọmọdé."

Ẹ̀kọ kán sórí aṣọ.

"Òyìnbó ní ó bàjẹ́. Jemima ní ó bímọ."

"Obadiah," Ìyá Àṣíáwù wí fún mi, "ọdún mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí fi há ọ lọ́fun. O ti sọ ọ́. Ṣé o kú?"

Rùfáì ní kí ẹnikẹ́ni má tíì ká aṣọ kúrò ní fèrèsé, a ó tún wò ó. Adéfúnkẹ́ kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ń wo ọwọ́ tó ń fa ìlà gígùn náà lọ, ó ti yọ ahọ́n, ó fi ń wá èjí tirẹ̀.