Ìwọ̀ Tó Fi Ẹnu Rẹ̀ Pamọ́

“Ẹ pa á rẹ́! Ẹ pa orúkọ mi rẹ́ níṣojú mi, kí n rí ọwọ́ tó máa pa á rẹ́!”

Ṣìkẹ́mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní parking lot ìjọ wọn ní Stone Mountain, ní Georgia, l'Amẹ́ríkà. Ìsìn Sunday ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, èèyàn ò sì tíì tú. Díákónì Oyèkànmí, alága ẹgbẹ́ ọkùnrin, tẹ́ ìwé sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù rẹ̀, ó di bírò mú. Orúkọ mẹ́sàn-án ló wà lórí ìwé náà, mẹ́jọ jẹ́ ti ọkùnrin. Àwọn tó fẹ́ lọ pa bass, ẹja adágún kan, ní Saturday tó ń bọ̀ ni. Ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù nínú wọn ló máa ṣojú ìjọ níbi ìdíje gbogbo ìjọ lọ́sẹ̀ Àjíǹde.

“Ṣìkẹ́mi, rọra,” ni Díákónì wí. “Ọdún mẹ́fà la ti ń ṣe é. Ọkùnrin ń pa, obìnrin ń dín. Ṣé ìyẹn náà dìjà? Ẹja tí ọwọ́ wa ń pa, ọgọ́rin èèyàn ló ń yó lọ́dọọdún. Ọlọ́run ń bù kún un. Kí lo wá ń wá lójú omi?”

“Ohun tí ẹ̀yin náà ń wá níbẹ̀.”

“Ọmọ yìí, ẹnu ẹ mú.”

“Ìwọ̀ mi mú jù ú lọ, sà. Mo sì ti ka ìlànà yín láti òkè délẹ̀. Kò síbi tí wọ́n kọ ‘ọkùnrin nìkan’ sí.”

Fọláhàn, tó máa ń bá Díákónì wọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. “Aunty Ṣìkẹ́mi, bass kì í ṣe pańla o. Ẹ ò lè bá a ná ọjà.”

“Fọláhàn, ìwọ tí o ra ọ̀pá ìwọ̀ kí o tó mọ orí ẹja yàtọ̀ sí ìrù, dákẹ́.” Ó yíjú sí Díákónì padà. “Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí, sà. Bí ẹja mi ò bá wúwo ju tiyín lọ, mi ò ní fọwọ́ kan ọ̀pá ìwọ̀ mọ́ nínú ìjọ yìí. Èmi nìkan ni màá máa dín ẹja yín títí irun mi á fi funfun. Àmọ́ bí tèmi bá wúwo jù, èmi ni mò ń lọ síbi ìdíje Àjíǹde, ẹ̀yin lẹ sì máa wọ épúrọ́ọ̀nù àwọn obìnrin, ẹ ó dúró ti agbada epo ní èbúté ní Saturday yẹn gan-an.”

Díákónì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Mo gbà! Ẹ̀yin ìjọ, ẹ gbọ́ o! Mo gbà!”

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìhàlẹ̀ lásán ni Ṣìkẹ́mi ń hàlẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá ní Ẹ̀pẹ́, bàbá rẹ̀, apẹja tí kò bí ọkùnrin, máa ń gbé e sídìí ọkọ̀, òun ló ń wa àjẹ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin bàbá yẹn ni àbúrò bàbá náà dé etí ọ̀sà, tó di apá ọmọ náà mú, tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹni ń sọ ẹrù kalẹ̀, tó ní kó lọ bá àwọn ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Ṣìkẹ́mi ò lè fọhùn lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti kọjá lórí ẹ̀. Ó ti di ẹni tó ń ya X-ray egungun àwọn òyìnbó ní ọsibítù, ó ti fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa bass, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n apá yẹn ṣì rántí ìka.

Ní ìrọ̀lẹ́ Friday, Aunty Olútóyìn, olórí ẹgbẹ́ obìnrin, wá sí apartment rẹ̀ ní Clarkston láti wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó fi yọjú sí ilé ìwẹ̀.

“Jésù! Ṣìkẹ́mi, kí ni igi Kérésìmesì ìjọ ń ṣe nínú bathtub ẹ?”

Òótọ́ ni. Igi oníke tí wọ́n máa ń gbé síwájú pẹpẹ ló dùbúlẹ̀ nínú omi yẹn, tòun ti ẹ̀ka.

“Òun ló ń bá mi yan ìjẹ, Aunty. Ẹ wọlé. Ẹ má tẹ ìwọ̀ mọ́lẹ̀ o.”

“Ìjẹ kẹ̀?”

“Ṣé ẹ rí adágún tí a ń lọ lọ́nà Hampton yẹn, tí Kérésìmesì bá ti parí, igi tí àwọn èèyàn ti lò tán ni wọ́n ń rì sí ẹnu kọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tí omi ti ya wọ inú ilẹ̀, kí ẹja lè rí ibi sá sí. Bàbá mi náà ń ṣe é ní Ẹ̀pẹ́. Á gé ẹ̀ka igi, á rì í sínú ọ̀sà, á sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹja ò mọ Ẹ̀pẹ́, kò mọ Amẹ́ríkà. Ibi tó bá ti rí igi, ilé ni.”

Ó jókòó sétí bathtub, ó so ìjẹ àkọ́kọ́ mọ́ okùn. Ike tó ń dán gbinrin ni, wọ́n ṣe é bí ẹja kékeré, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta méjì sì fì lábẹ́ ikùn rẹ̀.

“Irú èyí ni Díákónì máa ń jù. Ẹ wò ó.” Ó fà á gba inú ẹ̀ka. Kò tíì rìn tó ìbú ọwọ́ tó fi há. Ó tún un fà, gbogbo igi sì dìde pẹ̀lú rẹ̀, omi ta sí aṣọ Aunty.

“Ye! Aṣọ mi!”

“Ẹ má bínú. Èkejì nìyí.” Òjé ni orí èyí, ó wọ yẹ̀rì rọ́bà tín-ín-tìn-ìn-tín, irun líle kan sì bo ẹnu ìwọ̀ rẹ̀. Ó gba ẹ̀ka mẹ́ta kọjá, ó há sí ìkẹrin. Ṣìkẹ́mi mi orí. “Ibi tí igi ò bá pọ̀ nìyí dáa sí.”

Ẹ̀kẹta jẹ́ rọ́bà rírọ̀ tó ní èékánná méjì bí alákàṣà kékeré, òjé ṣóńṣó kan wà níwájú rẹ̀. Aunty Olútóyìn yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

“Èyí ò ní ìwọ̀.”

“Ó ní. Ẹ tẹ ẹ̀yìn ẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Inú ara rọ́bà ni ẹnu ẹ̀ wà. Igi ò ní rí i. Ẹja ló máa rí i, nígbà tó bá ti gé e jẹ.” Ó fà á kọjá láti òkè igi dé ìdí, ó fà á padà, kò há lẹ́ẹ̀kan. “Dúdú tó pa búlúù ni mo mú, torí òjò ti rọ̀, omi ibẹ̀ á ti pọ́n bí ilẹ̀ Georgia. Mi ò sì ní yára fà á. Omi ṣì tutù, abo bass sì ti kún fún ẹyin, kò tíì yé e. Aláboyún tó ku díẹ̀ kó bí ni. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa sáré lé oúnjẹ? Ṣe lèèyàn ń gbé e wá bá a níbi tó jókòó sí.”

Aunty Olútóyìn wo ìjẹ, ó wo ẹni tó dì í mú. “Ìwọ tí o mọ bí ìwọ̀ ṣe ń fi ẹnu pamọ́, o ò wá lè fi tìẹ pamọ́?”

“Mo fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan, Aunty. Wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bàbá mi.”

Aunty ò bẹ ẹ̀bẹ̀ kankan mọ́. Ó fún etí aṣọ rẹ̀ tó tutù. “Mo ti ra ẹja croaker tọdún yìí,” ó wí jẹ́jẹ́. “Cooler méjì. Ó wà nínú ọkọ̀ mi.”

“Ẹ̀yin náà mà fi ẹnu pamọ́ o!”

“Kí àlàáfíà lè wà ni.”

Àṣírí ẹgbẹ́ obìnrin nìyẹn. Ẹja tí ọkùnrin mẹ́jọ ń pa lọ́dọọdún kì í kún abọ́ kan. Àwọn obìnrin máa ń ra croaker lọ́jà ní Clarkston, wọ́n á dín in pọ̀ mọ́ ọn, Díákónì á sì jẹ́rìí ní ọjọ́ kejì pé Ọlọ́run bù kún ọwọ́ àwọn.

Ní ọjọ́ Saturday, aago mẹ́fà àárọ̀ ni àwọn ọkùnrin ti dé adágún. Èéfín òtútù ń jáde lẹ́nu wọn. Díákónì Oyèkànmí to ìjẹ rẹ̀ sórí ọkọ̀, ó ń fi òróró ìtasórí kàn wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pàṣẹ fún ẹja láti ibú dé èbúté. Aago méjìlá kọjá ni Ṣìkẹ́mi ṣẹ̀ṣẹ̀ já kayak rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọkọ̀, ọkọ̀ omi tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́nìkan tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà.

“Ṣé aago yín ti kú ni, Aunty?” ni Fọláhàn kígbe. “Aago mẹ́ta la máa wọ̀n ọ́n o!”

“Oòrùn ni mò ń dúró dè. Ẹja ò tíì jí nígbà tí ẹ ń pàṣẹ fún un.”

Díákónì gbé àpò omi tí ẹja rẹ̀ wà sókè. “Tèmi jí o! Pound mẹ́rin àti ounce méjì! Lọ máa wá épúrọ́ọ̀nù ẹ!”

Ẹja gidi ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wa àjẹ̀ dé ẹnu kọ̀rọ̀ níbi tí igi rírì wà, ó rí ike tó ń dán lórí ẹ̀ka tó yọrí lómi, méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ìjẹ Díákónì ni. Ọkùnrin náà ti tún igi Kérésìmesì àwọn ẹni ẹlẹ́ni ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ó wá sá kúrò níbẹ̀.

Ó ju tirẹ̀ sáàárín igbó abẹ́ omi. Ó dúró. Ó fà á díẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Wákàtí kan kọjá, ẹ̀rín ń dún láti èbúté, kò sí nǹkan kan. Ó fa ìjẹ jáde, ó wo òjé rẹ̀, ó pòṣé sí ara rẹ̀: ó wúwo jù, bí òkúta ló ń já wọlé. Ó fi òjé kékeré rọ́pò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, rọ́bà náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà.

Okùn náà wúwo. Kò jà, ó kàn wúwo, bí ìgbà tí èèyàn gbọ́wọ́ lé ni léjìká.

Ṣìkẹ́mi fa ọ̀pá sókè tagbáratagbára. Ẹja náà fẹ́ wọ ìsàlẹ̀ igi lọ, ó ń wọ́ kayak tẹ̀ lé ara rẹ̀. “O ò lọ!” ni Ṣìkẹ́mi ń wí, ó ki ẹsẹ̀ bọ iwájú ọkọ̀, okùn rẹ̀ nípọn, kò já. “Èmi náà ò lọ! Jáde!” Ẹ̀ka kan ṣẹ́ lábẹ́ omi. Ẹja ya ẹnu jáde, ikùn rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀.

Fọláhàn ló wọ̀n ọ́n ní èbúté. Ó wo òṣùwọ̀n, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀.

“Sọ ọ́ sókè!” ni Ṣìkẹ́mi wí.

“Pound mẹ́fà. Ounce mọ́kànlá.”

“Tún un wọ̀n!” ni Díákónì wí. Ó tún un wọ̀n. Bákan náà ni. Díákónì figbe ta: “Ẹyin ni! Ẹyin ló kún ikùn ẹ̀! Ẹyin ló wúwo, kì í ṣe ẹja!”

“Ẹ gun òṣùwọ̀n náà, Díákónì, ká yọ ikùn tiyín náà kúrò, ká wo ohun tó máa ṣẹ́kù,” ni Ṣìkẹ́mi fèsì.

Èbúté bú sẹ́rìn-ín. Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ sétí omi, ó tú abo ẹja náà sílẹ̀ tòun ti ẹyin rẹ̀, ẹja náà sì bá omi lọ.

“Ó tán!” Díákónì rí ihò sá sí. “O ti dá a padà sómi. Ẹja mi nìkan ló kù, ẹnìkan ò sì lè fi ẹja kan bọ́ ọgọ́rin èèyàn. Kí wá ni mo fẹ́ dín?”

Aunty Olútóyìn, tóun àtàwọn obìnrin ti gbé agbada epo kaná ní èbúté, dìde lórí àga rẹ̀. Ó ṣí cooler kìíní, ó ṣí èkejì. Croaker kún wọn dẹ́nu.

“Èyí tí ẹ ti ń jẹ láti ọdún mẹ́fà ni, Díákónì,” ó wí. “Ọjà Clarkston la ti ń rà á.”

Ṣìkẹ́mi gba épúrọ́ọ̀nù lọ́wọ́ Aunty, ó fi kọ́ ọrùn Díákónì Oyèkànmí, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó so okùn, ó fà á le.

“Epo ti gbóná, sà.”