Irin Tó Dán Jù

Ẹni tó bá ní ike ò níyì, kó lọ ṣe ọ̀kan wò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, àga tó nípọn bí ẹsẹ̀ erin, ta ni ò lè ṣe ìyẹn? Èèyàn á yọ́ ike, á tì í sínú móòdù, á dúró kó tutù, ó parí. Ṣùgbọ́n ike tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tí ọmọdé á gbé wọ̀, tí á fi ṣubú tí kò ní fọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn wé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àyè tí ike gbígbóná fẹ́ gbà kọjá ti há jù. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti tutù, ó ti dì sí ìdajì ọ̀nà. Àfi kí ẹ̀rọ fi gbogbo agbára tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbáú! Bó bá sì ti wọlé tán, ẹjọ́ ò tíì parí o, ó ku kó jáde.

Ọ̀rọ̀ jíjáde yìí gan-an ló fẹ́ dójú ti Ọmọ Dígí.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn ní gbogbo àdúgbò àwọn onírin. Bàbá rẹ̀ ni Bàbá Dígí, ògbóǹtarìgì oníṣẹ́ móòdù tí kò sẹ́ni tó lè mú irin dán tó o. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá náà ní: irin tó o bá wò tó ò bá rí eyín ara rẹ nínú rẹ̀, kò tíì dán, padà sídìí ẹ̀. Abẹ́ òfin yìí lọ́mọbìnrin náà dàgbà sí. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ títí tó fi mọ̀ ọ́n dunjú. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, òun ló ń gé irin, òun ló ń wọn nǹkan, òun ló ń tò ó. Síbẹ̀, bí oníbàárà bá wọlé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà kọjá lọ kí bàbá. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Dígí! Ẹ ò lẹ́lẹ́gbẹ́!" Iṣẹ́ ta ni? Kí n má purọ́, ó ń dùn ún. Kò bínú sí bàbá rẹ̀, bàbá rere ni. Ṣùgbọ́n èèyàn á fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tóun ṣe, àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Iṣẹ́ tó délẹ̀ yìí wá yàtọ̀. Obìnrin kan ló gbé e wá, tó ń ṣe apá fún àwọn ọmọ tí kò ní apá. Ìyá Alápá làwọn ọmọ náà ń pè é. Apá tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó wúwo. Àwọn ọmọ á gbé e wọ̀ láàárọ̀ kínú ìyá wọn lè dùn, bí wọ́n bá dé ilé ìwé, wọ́n á bọ́ ọ sínú báàgì. "Èyí tí wọ́n á wọ̀ tí wọ́n á gbàgbé pé àwọn wọ nǹkan ni mo fẹ́," ló wí. Ó ti gbé e dé ibi méjì, wọ́n ti dá a padà níbẹ̀. Ó wá dájọ́ tóun máa padà wá. Bóun bá bá ẹyọ kan ṣoṣo tó pé, iṣẹ́ ti di tiwọn. Bí kò bá sí, òun ò ní bínú, òun á kàn gbé iṣẹ́ òun síwájú.

Bàbá Dígí ló sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé, "Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ o. Ọmọ mi ló máa ṣe é. Dídán nìkan ni tèmi." Inú ọmọ dùn, àyà ọmọ sì já. Torí bí èyí bá bàjẹ́, ohun tí àdúgbò máa sọ kò ju ọ̀kan lọ: iṣẹ́ ti tán nílé Bàbá Dígí.

Ó ṣe móòdù náà, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Akọ àti abo ni móòdù máa ń ní. Abo ló ní kòtò, akọ ló máa ń wọ inú kòtò náà, àyè tín-ín-rín tó bá kù láàárín àwọn méjèèjì ni ike máa ń kún. Akọ ti apá ọmọdé yìí gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ó gbòòrò nísàlẹ̀. Bàbá Dígí jókòó tì í. Ojú ti ń ṣe bàìbàì, àtàǹpàkò ló fi ń wá ibi tí kò tíì jọ̀lọ̀. Láti òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tó máa kúrò nídìí ẹ̀, irin ọ̀hún ń kọ mànà. Àwọn onírin àdúgbò wá wò ó. Ọ̀kan yọ eyín sí i, eyín yọ sí i padà. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó ní bó bá jẹ́ àṣekágbá òun nìyí, kò burú.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ tí obìnrin náà dá. Àǹtí Gbáú ló wà nídìí ẹ̀rọ. Àbúrò Bàbá Dígí ni, ẹ̀rọ yẹn ló ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ náà ṣe máa ń pa dé ni ẹnu tirẹ̀ náà ṣe máa ń já lu ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Ẹ̀rọ pa dé, gbáú. Ike wọlé. Ó tutù. Ẹ̀rọ yà. Àwọn ọ̀pá irin kéékèèké tó wà nídìí akọ sún síwájú láti ti ike náà bọ́. Ike ò bọ́. Ó di akọ mú bí ọmọ ṣe ń di ìyá ẹ̀ mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nílé ìwé. Ọ̀pá tì í, ó tì í, kẹ̀rẹ̀! Ó sán lókè.

"Ó ti sán," Àǹtí Gbáú wí.

"Ẹ dín iná kù," Ọmọ Dígí wí.

Ó dín in kù, ó sán. Wọ́n jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ̀rọ tó yà, ó sán. Wọ́n ní kó má pẹ́ rárá, ó sán. Àǹtí Gbáú wá fi epo ra akọ náà, ike bọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú wọn ti fẹ́ máa dùn kí Ọmọ Dígí tó fọwọ́ pa á. Epo wà lára ẹ̀. Ìyá Alápá sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sí epo kankan o, awọ ọmọdé ni wọ́n fẹ́ gbé e lé.

"A ò kúkú ní sọ fún un," Àǹtí Gbáú wí.

"Àǹtí mi!"

"Àwàdà ni mò ń ṣe. Ṣé èèyàn ò lè ṣàwàdà mọ́ nílé yìí ni?"

Ọmọ Dígí kó gbogbo èyí tó ti sán sórí tábìlì, ó tò wọ́n, ó dojú kọ wọ́n. Òkè ni gbogbo wọn ti sán. Kò sí ẹyọ kan tó sán nísàlẹ̀. Kí ló wà lókè tí kò sí nísàlẹ̀? Ó ní kí àǹtí rẹ̀ pa ẹ̀rọ, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ki orí bọ àárín móòdù. Òkè ń dán bí omi. Nísàlẹ̀, níbi tí ojú ti rẹ bàbá, ipa sáńpépà ṣì wà níbẹ̀, tín-tìn-tín, ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn kò lè rí i. Ibẹ̀ gan-an ni ike ti ń bọ́ láìjanpata.

Ó ti yé e. Ike tó fẹ́lẹ́ báyìí, bó bá ń tutù, ńṣe ló máa ń sún kì, tí á fún mọ́ akọ. Bí irin bá ní ipa díẹ̀ lára, afẹ́fẹ́ á ríbi gbà wọ àárín wọn, wọ́n á tú ara wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irin bá dán kọjá ààlà, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra bí àwo tútù méjì tí wọ́n kó léra. Ike tó nípọn lágbára láti já ara ẹ̀ gbà. Ẹlẹgẹ́ yìí ò ní. Móòdù òun ò ní àléébù kankan. Dídán bàbá òun ló pọ̀ jù.

"Kí lo rí?" Àǹtí Gbáú bi í.

Ó sọ ọ́ fún un létí. Àǹtí Gbáú káwọ́ lérí. "Yéè! Àṣejù ni baba..." Ó gbé ìyókù mì, ó wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà jẹ́jẹ́ tiẹ̀, ó ń fi aṣọ nu awò ojú rẹ̀.

"Ta ló máa sọ fún un?" Ọmọ Dígí bi í.

"Ìwọ kẹ̀. Bàbá ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mo sì fẹ́ kó pẹ́ láyé. Èmi náà fẹ́ pẹ́ láyé."

Ó wá sí i lọ́kàn kó má sọ. Sáńpépà wà nítòsí, ojú bàbá ò sì ríran dáadáa mọ́. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àgbàlagbà pè ní àṣekágbá òun, kí ọmọ bíbí inú rẹ̀ yọ́ lọ ha á lẹ́yìn rẹ̀? Ìwà olè nìyẹn. Ó gbé ẹsẹ̀, ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ àga bàbá rẹ̀.

"Bàbá, mo ti rí ohun tó ń ṣe é."

"Kí ni?"

"Irin yẹn dán jù."

Látọjọ́ tí Bàbá Dígí ti dáyé, kò sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí rí. Ó gbé awò sójú.

"Tún un sọ."

"Ó dán jù, Bàbá. Afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ àárín òun àti ike. Àfi ká ha á díẹ̀."

"Ká kí ni?"

"Ká ha á, sà."

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé mo kọ́ ẹ pé kó o máa ha irin?"

"Ẹ kọ́ mi pé bíṣẹ́ bá bàjẹ́, kí n wá ibi tó ti bàjẹ́, kí n má wo ojú ẹni tó ṣe é."

Àǹtí Gbáú tó máa ń já lu ọ̀rọ̀, kò já lu èyí. Ojú bàbá korò. Ọmọ Dígí rò ó pé òun ti sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Bàbá Dígí dìde. Ó lọ sídìí móòdù, ó fi àtàǹpàkò pa akọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ó dùn ún dọ́kàn. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn tó sán, ó fọwọ́ wá ojú ibi tó ti là.

"Òkè nìkan?"

"Òkè nìkan ni, sà."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ó mí kanlẹ̀. "Gbé òkúta ìpọ́n wá."

"Bàbá, ẹ jẹ́ n ṣe é. Iṣẹ́ mi ni."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ọwọ́ tó dán an ló máa ha á." Ó gbé òkúta lé irin, ó wá dúró. Ọmọ Dígí rò pé kò lè ṣe é mọ́ ni. Àṣé ìbéèrè ló fẹ́ bi í. "Báwo lo ṣe fẹ́ ẹ?"

Láti kékeré rẹ̀, bàbá rẹ̀ ò bi í ní irú ìbéèrè yìí rí. Ó fi ìka hàn án lára irin. "Ẹ fà á tààrà, síbi tí ike ń gbà bọ́. Ẹ má yí i ká o. Bẹ́ ẹ bá yí i ká, á tún máa kọ́ ike lẹ́sẹ̀."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ẹ̀yin èèyàn, ẹni tó mọ irin í dán ló mọ̀ ọ́n ha! Ìlà tó ń fà tọ́ bí irun tí wọ́n fi ìyarun yà. Ọmọ ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i. "Ó tó níbẹ̀, Bàbá." Bàbá gbọ́wọ́ kúrò. "Ẹ tún un fà díẹ̀ lápá ọ̀tún." Bàbá fà á. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tójú bàbá ò rí, ojú ọmọ rí i, ohun tí ọwọ́ ọmọ ì bá fi ìwàǹwára bàjẹ́, ọwọ́ bàbá rọra ṣe é.

Wọ́n nu irin náà, wọ́n dá ẹ̀rọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbáú. Ẹ̀rọ yà, ọ̀pá sún, ike náà bọ́ bí ìgbà téèyàn ṣí fìlà. Ó já sínú apẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún rárá.

"Ó bọ́! Ó bọ́ o!"

"Àǹtí mi, ẹ má tíì jó. Ẹ ṣe òmíràn."

Òmíràn bọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e náà bọ́. Ọmọ Dígí gbé ọ̀kan sókè síbi fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ó rí òjìji ìka ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kò sán, kò wọ́, kò lábàwọ́n. Orí rẹ̀ wú. "Èmi ni mo ṣe èyí," ó wí nínú ara rẹ̀, ó sì tún un wí. Àǹtí Gbáú kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ó ti ń jó yí ẹ̀rọ ká.

Orí ijó yẹn ni Ìyá Alápá bá wọn. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó gbé ẹyọ kan, ó jù ú sókè, ó hán an. Ó tẹ̀ ẹ́, ó padà sí bó ṣe wà. Àfi bó ṣe là á mọ́lẹ̀ lójijì! Ike náà ta lẹ́ẹ̀mejì, ó yí gbirigbiri, ó dúró. Kò sán. Obìnrin náà ṣà á, ó ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ inú rẹ̀ débi tó lè dé, ó ń yí i wò.

"Wọn ò ní bọ́ eléyìí," ó wí nígbẹ̀yìn.

Ó wá yíjú sí bàbá bí gbogbo ayé ṣe máa ń ṣe. "Ẹ ṣeun o, Bàbá Dígí. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yín fún mi, àṣé òótọ́ ni."

"Ẹ dúró ná," Bàbá Dígí wí. "Ẹ wá wo nǹkan."

Ó mú un lọ sídìí ẹ̀rọ, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí akọ móòdù. "Ẹ rí gbogbo ibi tí wọ́n ha yìí?"

"Mo rí i, sà."

"Èmi ni mo ha á. Ọmọ mi ló ní kí n ha á. Mo bá a jiyàn, díẹ̀ ló kù kí n lé e síta, òun ló sì jàre. Irin yìí, òun ló gé e, òun ló wọ̀n ọ́n, òun ló mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ má kí mi. Ohun tó ní kí n ṣe ni mo ṣe."

Bàbá Dígí ló sọ bẹ́ẹ̀ o, lójú àlejò, lójú àbúrò rẹ̀ tí kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá Alápá wá kọjú sí obìnrin tó dúró lẹ́yìn wọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Apá ọ̀tún nìyí. Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀ tòsì?"

Ọ̀gá la ẹnu, ohùn ò jáde. Ó tún un là. Bàbá rẹ̀ ló bá a dáhùn.

"Ẹ fún un láyè díẹ̀," ó wí. "Ó ń sunkún ni."