Rélùwéè Bẹyẹrúnká

Páànù yìí kò tún dógùn-ún. Mo finá jó o, mo rì í sínú omi iyọ̀, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, mo sá a sóòrùn. Ó ṣì ń dán. Ó ń dán sí mi lójú bí eyín Yẹ̀kínì nígbà tó bá fẹ́ fi èèyàn ṣẹ̀sín.

Tèmi dógùn-ún. Agolo mílíìkì lásán ni mo fi ṣe òrùlé tèmi, àmọ́ ó ti pọ́n bí àwọn òrùlé tí wọ́n ń wò láti orí òkè Màpó. Ta ló kọ́ mi? Èmi ni mo wádìí ẹ̀. Yíyọ́ òjé tí mo fi ń so irin pọ̀ náà ńkọ́? Gbogbo ìka ọwọ́ mi ló jóná kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pá agbòòrùn ni ojú irin rélùwéè kékeré mi, igi ìṣáná ni mo tò sábẹ́ ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò ló ń fa ọkọ̀ náà. Ó ń kọsẹ̀ ní kọ́nà... àmọ́ ó ń rìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú irin wo ló gba Bẹyẹrúnká kọjá?"

Ohun tó bi mí nìyẹn, lójú gbogbo agboolé. Yẹ̀kínì, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi! Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ṣé èmi ni ò mọ̀ pé Dùgbẹ̀ ni rélùwéè wà? Dùgbẹ̀ níbẹ̀ ni ìyá wa ti ta ẹ̀kọ fún èrò ọkọ̀ títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀. Wọn ò lè lọ bá rélùwéè mọ́. Ó dáa, rélùwéè á wá bá wọn. Mo tẹ́ ojú irin gba iwájú ilé wa tí mo kọ́ ní kékeré síbẹ̀, mo gé fèrèsé sí yàrá wọn, mo hun ẹní kékeré síbẹ̀. Yàrá wọn lọ́dọ̀ mi o. Kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni yẹn.

Torí wọ́n kó lọ. Ilé bàbá wa kan náà ni, ògiri kan ló là á sí méjì, apá kan tèmi, apá kan ti Yẹ̀kínì. Yẹ̀kínì rí owó, ó fi páànù funfun kan apá tiẹ̀ — apá tiẹ̀ nìkan! — kò pẹ́, ìyá mi ká ẹní wọn, wọ́n bọ́ sọ́hùn-ún. Owó ni. Kí ló tún lè jẹ́? Ẹran lálẹ́, bọ́nfíìtà láàárọ̀, ó fi rà wọ́n mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni ìyá mi sì wí?

"Òjò ni, Àkíbù. Òjò ni mo sá fún."

Òjò! Èmi ni wọ́n ń tàn bí ọmọdé. Ta ni òjò ò pa rí n'Ìbàdàn?

Ìdí tí mo ṣe ṣa àjákù páànù Yẹ̀kínì nìyẹn, èyí tí àwọn kanlékanlé fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Nínú ìlú kékeré tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, òrùlé tiẹ̀ ni ìbá burú jù, màá sì pe ìyá mi wá wò ó... Páànù kọ̀. Kó máa dán lọ. Mo ti gbé e lé apá tiẹ̀.

Koríko ló kù. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo pa láró. Lọ́jọ́sí, mo da sítáàṣì lé e ní gbígbẹ kó lè lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣù jọ, ó bàjẹ́. Ṣé omi ni kéèyàn kọ́kọ́ wọ́n... wẹ́rẹ́... kó rọ̀, kí sítáàṣì tó ráyè wọ̀ ọ́. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Mo ń wọ́n ọn sẹ́yìn ilé, síwájú ilé. Ó ń ta sórí òrùlé Yẹ̀kínì, tó-tó-tó. Aláriwo. Òrùlé ẹ̀ pàápàá ń pariwo. Ó ń ta sórí tèmi —

Níbo ni omi yẹn ń gbà?

Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọjú lójú fèrèsé tí mo gé. Ẹní kékeré ti tutù rinrin. Ìdógùn-ún mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi tí mo fi ń yangàn, ó ti jẹ páànù náà ní ihò wínníwínní. Mo wo ọ̀dọ̀ Yẹ̀kínì. Ó gbẹ, gbẹrẹfu.

Ó yẹ kí n bínú sí ẹnì kan. Mo ń wá a... Mo gbójú sókè. Yàrá tí ìyá mi fi sílẹ̀ yìí náà ni mo tẹ́ rélùwéè sí. Àjà ẹ̀ ti pọ́n kálẹ̀ lábẹ́ páànù tó ti dógùn-ún. Èmi ti ń rí i tipẹ́, kódà ara ẹ̀ ni mo ti ń wo irú àwọ̀ tí mo fẹ́ kí òrùlé mi ní. Abọ́ tí mo sì po sítáàṣì sí yìí... abọ́ ìyá mi ni. Ẹ̀gbẹ́ ẹní wọn ló máa ń wà tí òjò bá ti ṣú. Mi ò bi wọ́n rí pé kí ni wọ́n ń fi ṣe.

Lódìkejì ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Yẹ̀kínì àti ìyá mi. Mo ṣì kórìíra ẹ̀rín ẹ̀. Mo ṣì kórìíra ẹ̀, Yẹ̀kínì yẹn.

Ṣùgbọ́n òjò ni. Òjò ni ìyá mi sá fún, inú ilé mi ló sì ti ń rọ̀.