Òṣùṣú Ẹ̀yìnkùlé

Kò sí òfin tó ní kí èèyàn má kí koríko. Àmọ́ láràárọ̀, bí Ọ̀gá Máàpù bá ti fọnu tán, yóò jáde síwájú ilé, yóò tẹríba díẹ̀ níwájú ọgbà kékeré tó fi ọ̀pá mẹ́rin àti okùn ṣe, yóò sì sọ fún ewéko ẹlẹ́gùn-ún tó wà nínú rẹ̀ pé, "Ẹ kú àárọ̀ o," bí ẹni ń kí àgbà ìlú. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ máa ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé yàrá tó ti ń ránṣọ. Ọdún kan gbáko ló ti fi ń gbọ́ ọ, ó sì mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Ẹni tí Ọ̀gá Máàpù ń kí kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ọdún márùndínlógójì ni ọkùnrin yìí fi ya àwòrán ilẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, ìyẹn ni àdúgbò ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ mú débi pé ó lè ya odò tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ láìwọ gíláàsì. Òun náà ló máa ń bá ìyàwó rẹ̀ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, tí yóò tò wọ́n sára tìmùtìmù kékeré de ọjọ́ kejì. Nígbà tó di bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó ṣàdédé ní ẹ̀yìn ń dun òun, pé òun ò lè jókòó ti abẹ́rẹ́ mọ́. Aránṣọ bi í pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Lóṣù tó tẹ̀lé e, dókítà ojú sọ fún un pé nǹkan kan ti ń bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì bí ìkùukùu, pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni yóò ká a kúrò. Ọ̀gá Máàpù dìde, ó dúpẹ́, ó sì forí gbá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn bó ṣe ń jáde. Ó ní ẹni tó kọ́ ilé náà ló gbé ilẹ̀kùn síbi tí kò yẹ.

Ọdún yẹn náà ni obìnrin kan láti ilé irúgbìn inú ọgbà ìlú ń pín àpòòwé kékeré kiri àdúgbò. Ó ní òṣùṣú kan, irú ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan, wà tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, tí kì í hù níbòmíràn, àmọ́ wọ́n ti la títì gba orí òkè tó ń gbé, ó sì ti fẹ́ run. Ẹni tó bá gbà yóò gbin hóró mẹ́sàn-án, yóò fara da ọdún kìíní tí kò ní ju ewé lásán lọ, tó bá wá tanná lọ́dún kejì, yóò dá irúgbìn padà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òṣùṣú àjèjì kan ti kún ẹ̀bá títì, òun àti ti ìbílẹ̀ yìí sì jọra bí ìbejì nígbà tí wọ́n bá ṣì kéré.

"Ìwé wà nínú àpòòwé tó sọ bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀," ni obìnrin náà wí.

"Èmi?" ni Ọ̀gá Máàpù dáhùn. "Pẹ̀lú ojú tí mo fi ya igba odò?"

Ó délé, ó dúró lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó ṣí àpòòwé, ó sì ka ìwé náà sókè ketekete. Orí ìwé wà nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè, síbẹ̀ kò kọsẹ̀ níbì kan, nítorí ẹnu obìnrin yẹn ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó da irúgbìn sí àtẹ́lẹwọ́, ó kà á dé mẹ́sàn-án, ó pa ọwọ́ dé, ó sì gbé e lọ síwájú ilé lọ gbìn. Lẹ́yìn náà ó ya máàpù ọgbà náà.

Nígbà tí òjò dé, ewéko kan hù nínú okùn iwájú ilé, òmíràn sì hù ní ẹ̀yìnkùlé, nínú ihò tó wà láàárín àtẹ̀gùn àti sìmẹ́ńtì. Méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ bí àwo. Aránṣọ kì í wo ojú aṣọ kó tó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ìwà iṣẹ́ ni. Ó yí ewé ẹ̀yìnkùlé padà, ó fi ìka kàn án. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí irun àgùntàn. Ó lọ yí ti iwájú ilé padà, ẹ̀yìn tibẹ̀ rí bí ojú rẹ̀, ó tutù, ó ń dán, kò ní irun kankan. Ó wá mú ìwé inú àpòòwé, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó kà á. Ti ìbílẹ̀ ni ẹ̀yìn ewé rẹ̀ máa ń funfun, tí igi rẹ̀ kì í sì í ní ẹ̀gún. Ìgbà yẹn ló yé e pé orí àtẹ̀gùn ni irúgbìn já bọ́ sí bó ṣe ń dà á, pé ọwọ́ òfìfo ni ọkọ òun pa dé lọ síwájú ilé, tó gbin afẹ́fẹ́ sínú okùn. Koríko ẹ̀bá títì ló rí ilé ọ̀fẹ́, tó sì wọlé.

Ó yẹ kó sọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e mì. Ọ̀gá Máàpù ti pe bíríkìlà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wá wo ọgbà, ó ti ní kó má mí sí i lára, inú rẹ̀ sì dùn bí kò ṣe dùn mọ́ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Aránṣọ kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò gba ayọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń rọra bomi rin ti ẹ̀yìnkùlé ni. Lọ́jọ́ kan ó tú irun rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó bi í pé báwo lòun ṣe rí.

"O ò yí padà rárá," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Inú rẹ̀ dùn títí tó fi dé iwájú dígí.

Ọdún kejì pé, òṣùṣú méjèèjì nàró. Obìnrin ilé irúgbìn ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́bọ̀. Ohun tó ń ká aránṣọ lára ju ẹ̀sín àdúgbò lọ ni pé òṣùṣú yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń tanná, yóò so, yóò sì kú. Bí Ọ̀gá Máàpù kò bá jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ojú rẹ̀ kí òdòdó náà tó yọ, kò ní rí ohun tó fi ọdún méjì dúró dè. Nígbà tó di Ọjọ́rùú, ó dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá bá mi fọwọ́ kan aṣọ kan. Mi ò mọ̀ bóyá òwú ni àbí irun àgùntàn."

"Aṣọ, nídìí ẹ̀rọ omi?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e lé ewé.

"Yéè! Aṣọ rẹ ń géni jẹ!"

"Ojú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kan ẹ̀yìn rẹ̀."

Ìka rẹ̀ bọ́ sábẹ́ ewé, ó sì dúró síbẹ̀. Ó rọra gbé e gun igi rẹ̀ láti ìdí dókè, kò sí ohun tó gún un. Ó dìde, ó tọ ògiri lọ síwájú ilé, aránṣọ tẹ̀ lé e. Ó na ọwọ́ sínú okùn, ẹ̀gún kún igi tibẹ̀ láti ìdí dókè, ẹ̀yìn ewé rẹ̀ sì ń yọ̀. Ọ̀gá Máàpù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ti koríko ni, àbí ti ojú?"

"Méjèèjì."

"Ti koríko, láti èṣí. Ti ojú, láti ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ ti ń dùn yín lẹ́yìn."

"O wá ń wò mí níran, tí mò ń kí i láràárọ̀?"

"Èmi tí mo bímọ mẹ́ta fún yín, ẹ kì í kí mi tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n má da ọ̀rẹ́ ẹni méjì rú."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀rù ló ń bà mí," ni ó wí. "Bí wọ́n bá fi abẹ kàn án, tí ìwọ̀nba tó kù yìí náà bá lọ ńkọ́?"

Ọdún méjì ni aránṣọ ti fi ń retí àwáwí, ó sì ti to èsì wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò retí òótọ́. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é gidigidi pé òun nìkan ló ti ń dá ẹrù yẹn gbé. Ó jókòó tì í.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àmọ́ òṣùṣú yẹn kò ní dúró de ẹnì kankan. Bí ẹ bá ní kí n máa ròyìn rẹ̀ fún yín, mo lè ròyìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú olójú kò jọ ojú ẹni."

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin ilé irúgbìn kò tíì wọlé tán tí Ọ̀gá Máàpù fi pàdé rẹ̀.

"Ẹ má wo ibí yìí. Àjèjì ni. Ojú mi ni kò ríran dáadáa, ìyàwó mi ló mọ èyí tó jẹ́ tiyín."

Bíríkìlà yọ orí lókè ògiri. "Ọ̀gá, ṣé koríko tí ẹ ní kí n má mí sí lára nìyẹn?"

"Òun náà ni. Wá bá mi fà á tu, kó tó so."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó yí ewé padà, ó pariwo ayọ̀. Nínú ogójì àpòòwé tó pín, èyí ni ìkẹrin tó yè. Ó ní gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀, kì í fẹ́ kí wọ́n ṣí i nípò, àárín òkúta tí oòrùn ń pa gan-an ló sì fẹ́ràn. "Ta ló mọ̀ pé ibí ló yẹ ká gbìn ín sí?"

"Èmi ni," ni Ọ̀gá Máàpù wí, kò tilẹ̀ mikàn. Ikọ́ gbé aránṣọ.

Obìnrin náà ní ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tanná. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Máàpù wọ bàtà rẹ̀, ó di apá ìyàwó rẹ̀ mú, wọ́n sì gba ọsibítù lọ. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n tó ní kí ó máa fi wòran, òdòdó náà ti là láti àná.

Kò yà sínú ilé. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà. Òdòdó náà dúró lórí igi rẹ̀, ó ní àwọ̀ àlùkò, fọ́nrán rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju odò èyíkéyìí tí Ọ̀gá Máàpù yà rí lọ, oyin kan sì dorí kodò nínú rẹ̀. Ó ń wò ó, ó ń wò ó. Aránṣọ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ tó ti tọ́jú sẹ́nu láti ọsibítù, bó bá ṣe kí i báyìí ni yóò jù ú lù ú. Ọ̀gá Máàpù yíjú padà láti fi oyin náà hàn án. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè.

"Irun rẹ," ni ó wí.

Aránṣọ fọwọ́ kan orí.

"Ó ti funfun. Gbogbo rẹ̀." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìgbà wo?"

Aránṣọ wá ẹ̀fẹ̀ ẹnu rẹ̀ tì. Omi ti lé sí i lójú.

"Ẹ̀ ń kí koríko lọ́wọ́ nígbà yẹn," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

Ọkọ rẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò ó padà. Ó wá tẹríba díẹ̀, ní ọ̀sán gangan.

"Ẹ kú àárọ̀ o," ni ó wí fún un.