Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Dírẹ́bà

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọ orí fóònù Ìyá Wáyà láàárọ̀ ọjọ́ náà kò ní àmì ohùn kankan lórí, ohun tó sì da ọ̀rọ̀ rú nìyẹn. "E kaaro ma. Oko mi o ka mi si mo. Ti mo ba joko, a se bi eni pe ko si eniyan nibe. Ola la n rin irin ajo. E jowo, e gba mi."

Ìyá Wáyà, obìnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tó sì ti lé ọkọ kan jáde nílé rí, jókòó lé táyà kan láti ronú sí i. Ó mọ ẹni tó kọ ọ́: aya Tíṣà ni, ọkùnrin tó kọ́ ìdajì ìlú ní ọkọ̀ wíwà. Àánú rẹ̀ ṣe é gidi. Ó tẹ èsì padà: "E pele, egbon mi. Bee ni temi naa se ri. O tun n mu ju."

"Temi ki i mu pupo," ni èsì wí. "Ina aya re ni ko ku."

Ìyá Wáyà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí iná àyà ọkùnrin kò bá tíì kú lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, kí ló tún kù tí obìnrin yìí ń wá? Ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kẹta dé láti ọ̀dọ̀ obìnrin náà, tó ní, "Se ki n gbe e wa ki e tu u wo?" ló tó yé e pé ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ọkọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ náà wọ ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ náà ò le rárá. Ìjókòó ìyàwó mi ló ń ṣàìsàn. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù tó yẹ kó kú bí ènìyàn bá ti jókòó, kì í kú. Lọ́la la ó rin ìrìn wákàtí mẹ́jọ lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa tó bímọ. Ẹ bá mi gé wáyà rẹ̀, kí ojú mi sinmi."

"Tí mo bá gé e, ojú yín á sinmi lóòótọ́," ni Ìyá Wáyà wí. "Ṣùgbọ́n báàgì tó yẹ kó wú jáde gba àyà ìyàwó yín tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan ò ní wú. Ohun tí iná yẹn ń sọ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

"Wákàtí mẹ́jọ," ni ìyàwó Tíṣà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi pamọ́.

Lábẹ́ fóòmù ìjókòó náà ni ohun pẹlẹbẹ kan wà tó ń wọ̀n bí ẹni tó jókòó ṣe wúwo tó. Ìyá Wáyà yọ ẹnu wáyà rẹ̀, ó nù ún, ó tì í padà. Ó so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọn; ẹ̀rọ ní ara rẹ̀ le koko. Ó jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀, iná kú. Ó ní kí ìyàwó Tíṣà jókòó, iná kú. Tíṣà ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdọ̀tí lásán ni, ó sì fi ọkọ̀ gbé aya rẹ̀ yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi padà dé, iná náà ti tàn.

Inú bí Ìyá Wáyà. Kò sí ohun tó kórìíra tó ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń yá ní ṣọ́ọ̀bù, tó wá ń ṣàìsàn lójú títì. Ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé itan, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Kílò méjìléláàádọ́rin ni ẹ̀rọ kà fún ìyàwó Tíṣà nígbà tí wọ́n wà lójú kan. Tíṣà ki jíà, ó já jáde lẹ́nu géètì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nọ́ńbà já sí ogójì. Ó yà bàrá láti ré tírélà kan kọjá. Nọ́ńbà já sí mọ́kàndínlógún, iná tàn. Iná pupa oríta dá a dúró tipátipá, nọ́ńbà padà sí méjìléláàádọ́rin, iná dáṣíbọ́ọ̀dù kú.

"Ọgbọ̀n ọdún," ni Tíṣà ń wí. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ń darí ọkọ̀, ó ń fi èkejì júwe ara rẹ̀. "Mi ò tíì fi ara ha ẹnikẹ́ni!"

Ìyá Wáyà gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ, ó wo iwájú. Ìyàwó Tíṣà di irin òkè ilẹ̀kùn mú, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀ ọkọ̀, ìdí rẹ̀ sì ga kúrò lórí fóòmù bí ẹni tó wọ ṣáláńgá tí kò dá a lójú. Ó ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Ìyá Wáyà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀: òun náà ń tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, Tíṣà. Mo ti rí i."

"Wáyà ni àbí fóòmù?"

"Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìyàwó yín kì í jókòó ni."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o gbọ́, Ìyá wọn? Mo ti ń wí i tipẹ́ pé o ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó nínú ọkọ̀. Fẹ̀yìn tì, ju ara sílẹ̀—"

"Eré tí ẹ ń sá ló ń gbé mi dìde," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, olówó orí mi, mi ò tíì jókòó tán nínú ọkọ̀ yín kankan. Mo sọ ọ́ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ẹ ní kí n fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Ta ló wá tún mọ̀ ọ́n?"

Ìyàwó rẹ̀ ṣí àpò, ó mú láísẹ́ńsì kan jáde, fọ́tò rẹ̀ wà lára rẹ̀ rekete. Tíṣà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ kọ́ ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ẹ ò bi mí rí. Ó yá, ẹ bọ́ sí ibi tí mo wà, kí ẹ fi bí wọ́n ṣe ń jókòó hàn mí."

Tíṣà kò lè sá níṣojú Ìyá Wáyà. Ó bọ́ síbẹ̀, ó fẹ̀ bí ọba. Nọ́ńbà fò dé mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, iná kú fin-ín. "Ṣé ẹ rí i?" ló wí.

Ohun tí ó gbàgbé ni pé ọkọ̀ tó fi ń kọ́ni ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ olùkọ́. Eléyìí kò ní nǹkan kan níbẹ̀ àfi kápẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ibi dírẹ́bà, ó wo dígí, ó tan iná ìyàsọ́nà, ó sì rọra wọ títì bí ẹni tó ru omi tó kún dẹ́nu. Wọn kò tíì dé kọ́nà àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ Tíṣà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kiri. Nọ́ńbà já sí àádọ́ta, ó já sí ọgbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ gbá irin òkè ilẹ̀kùn mú.

"Bíréèkì!" ló pariwo.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ọkọ̀ ti rọra dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan.

Iná tàn sí Tíṣà lójú. Ó wò ó títí, òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀, kò sì tíì fi ìdí kalẹ̀.

"Ó ní kò sí ènìyàn níbí," ló wí. Ó fi ìka kan iná náà. "Èmi nìyí o. Mo wà níbí."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an lèmi náà ti ń wí láti ọjọ́ yìí," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó sì ń wa ọkọ̀ lọ.